Òwe, Òfin àti Àṣírí Òṣìṣẹ́: Àgbéyẹ̀wò Èdè Ìyọ̀ǹda ní Agbègbè Ìkẹjà àti Agége

Ìfáàrà

Èrò àwọn kan ni pé ìdáàbòbò àṣírí ẹni kì í ṣe ọ̀rọ̀ Yorùbá, pé agboolé tí gbogbo ẹbí jọ ń gbé kò fi àyè sílẹ̀ fún un. Iṣẹ́ yìí ta ko èrò náà. Ohun tí ó jẹ ẹ́ lógún ni ọ̀nà tí òwe Yorùbá àti òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ń gbà sọ̀rọ̀ nípa ìyọ̀ǹda, ibi tí ohùn wọn ti ṣọ̀kan àti ibi tí wọ́n ti takora. Tíọ́rì ìbára-ẹni-gbé-pọ̀, tí ó ka èdè sí dígí àwùjọ, ni iṣẹ́ yìí gùn lé. Òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ, láti òpópónà Ọba Àkran ní Ìkẹjà dé Agége, ni ó ní lọ́kàn jù.

Àṣírí nínú Ìṣe Yorùbá

Ẹni tí ó lọ ṣe ìbéèrè lọ́dọ̀ babaláwo kò ní láti sọ ohun tí ó bá a wá. Yóò sọ ọ́ sí owó lẹ́nu wúyẹ́wúyẹ́, yóò gbé owó náà kalẹ̀, Ifá yóò sì fọhùn. Àrokò pẹ̀lú ń bẹ: ìránṣẹ́ lè rù ú dé ibi tí a rán an láìmọ ìtumọ̀ rẹ̀. Nínú ìṣe méjèèjì, ẹni tí ọ̀rọ̀ gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá kò fi dandan di ẹni tí ó gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ.

Òwe náà kò gbẹ́yìn. “Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run.” Òwe yìí gbà pé ojú òde kò lè rí àìsàn, ṣùgbọ́n kò ní kí á máa dojú alángbá dé lọ́kọ̀ọ̀kan láti wá èyí tí inú ń run. “Ẹyin lohùn” sì kìlọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí ó bá já bọ́ kò ṣeé kó jọ mọ́.

Ẹjọ́ Kan ní Ìkẹjà

Ìgbẹ́jọ́ kan ní ilé-ẹjọ́ gíga Ìpínlẹ̀ Èkó, ní Ìkẹjà, fi ìdí ọ̀rọ̀ yìí múlẹ̀. Obìnrin kan tí ó ń ṣe olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn aládàáni pàdánù iṣẹ́ rẹ̀ ní 1995, lẹ́yìn tí a ṣe àyẹ̀wò kòkòrò HIV fún un láìgba ìyọ̀ǹda rẹ̀. Ó pẹjọ́ ní 2000. Ní 2001, adájọ́ tí ó kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ náà kò jẹ́ kí ó wọ inú kóòtù nítorí ipò ìlera rẹ̀. Ọjọ́ 27 oṣù kẹsàn-án 2012 ni ìdájọ́ tó wáyé: wọ́n fún un ní mílíọ̀nù méje náírà owó ìtanràn, márùn-ún nítorí iṣẹ́, méjì nítorí àyẹ̀wò. Ilé-ẹjọ́ ka àyẹ̀wò náà sí ìfọwọ́kan ara ẹni lọ́nà tí kò bófin mu. Èyí tọ́, ṣùgbọ́n ara nìkan ni ìtúmọ̀ yìí dáàbò bò. Ìròyìn tí ó ti inú ara náà jáde ni ó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ obìnrin yìí.

Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ àti Ìyọ̀ǹda

Abala 37 nínú ìwé òfin 1999 dáàbò bo ìgbé-ayé ìkọ̀kọ̀ ọmọ ìlú. Òfin ìdáàbòbò ìwífún, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú buwọ́ lù ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà 2023, tẹ̀ síwájú sí i. Ó ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kì í ṣe ìyọ̀ǹda, ó sì ní ẹni tí ó ń gba ìwífún ni yóò fi hàn pé òun gba ìyọ̀ǹda. Níhìn-ín ni òwe àti òfin ti takora. “Ẹni tó dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́” gbé ẹrù lé orí ẹni tí ó dákẹ́. Òfin gbé e lé orí ẹni tí ó béèrè. Fún ẹni tí ó ń wá iṣẹ́ lẹ́nu géètì ilé-iṣẹ́, òfin ni ó ṣàánú jù, nítorí ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Òfin kan náà ní kí èdè tí a fi ń béèrè ìyọ̀ǹda ṣe kedere, kí ó sì rọrùn. Kò dárúkọ èdè abínibí, ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù èdè Gẹ̀ẹ́sì tí òṣìṣẹ́ kò lè kà kò lè ṣe kedere sí i. Ìtumọ̀ nìkan kò sì tó. “Mo gbà” lè jẹ́ pé ènìyàn gba iṣẹ́, pé ó gba ọ̀rọ̀ gbọ́, tàbí pé ó fara mọ́ ohun tí a ní kí ó ṣe. “Mo yọ̀ǹda” yàtọ̀: ohun tí ó jẹ́ tẹni ni ènìyàn ń yọ̀ǹda, ó sì lè kọ̀ láti yọ̀ǹda rẹ̀.

Àgbálọgbábọ̀

Àgbéyẹ̀wò yìí fi hàn pé Yorùbá mọ iyì àṣírí, ṣùgbọ́n pé èdè ojoojúmọ́ sábà máa ń ka bíbo àṣírí sí oore tí ẹlòmíràn ṣeni. Ẹ̀tọ́ ni òfin pè é. Iṣẹ́ wà fún olùkọ́ èdè nínú àlàfo yìí. Bí akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ bá ń tú fọ́ọ̀mù ìgbanisíṣẹ́ sí Yorùbá nínú kíláàsì, tí ó sì ń ya “gbà” sọ́tọ̀ kúrò lára “yọ̀ǹda”, ọmọ tí ó bá kọ́ yóò mọ ohun tí ó ń tẹ̀ka sí kí ó tó tẹ̀ka.