Ọ̀ṣọ́ Ara Táńkì Ọ̀kadà: Èwo Ni Ọnà, Èwo Ni Àṣejù?

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọnà ní Kánò yìí, aṣọ òfì, ìlù àti oríkì la máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọnà kan wà tí àwọn ọmọ wa ti fi jẹun ní Sábóńgàrí tí a kì í kà sí, èyíinì ni ọ̀ṣọ́ ara táńkì epo alùpùpù.

Lójú tèmi, kò sí ibi tó ṣòro láti ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ lára alùpùpù tó táńkì. Ó gbórí níwájú, ó tín-ín-rín níbi tí orúnkún ń gbá a mú, ìdérí rẹ̀ sì wà lókè gangan. Epo ń dà sí i lára, oòrùn ń pa á, ṣòkòtò ń ha á láti àárọ̀ di alẹ́. Ọ̀ṣọ́ tí kò bá ka nǹkan wọ̀nyí sí kò ní pẹ́ tí yóò fi ṣí.

Àwọn tó ń ṣe alùpùpù láyé àtijọ́ mọ èyí dájú. Ẹ wo BSA tí wọ́n ń ṣe ní Birmingham. Ní àwọn ọdún 1950, ẹ̀gbẹ́ táńkì ọ̀pọ̀ nínú wọn ń dán bíi dígí, rọ́bà tó nípọn sì wà níbi tí orúnkún ń kàn. Rọ́bà yẹn rẹwà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ló wá ṣe: kò jẹ́ kí ọ̀dà há, kò sì jẹ́ kí orúnkún yọ̀. Triumph náà ní irin pẹlẹbẹ kan tó gba àárín táńkì kọjá. Ojú ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀ ni wọ́n fi bò. Ẹni tí kò mọ̀ á ní fáàrí ni.

Nígbà tí achaba gbòde ní Kánò, ọwọ́ àwọn àtíìsì wa ni ọ̀ṣọ́ bọ́ sí. Bùrọ́ọ̀ṣì tẹ́ẹ́rẹ́ àti ọ̀dà díẹ̀ tó wọn. Ẹni tó mọṣẹ́, tó bá fẹ́ kọ “Sùúrù” sí ẹ̀gbẹ́ táńkì, lẹ́tà tó wà níwájú ló máa tóbi jù, á wá máa dín wọn kù díẹ̀díẹ̀ bí táńkì ti ń tín-ín-rín lọ sídìí àga. Ọ̀rọ̀ náà á dà bí ẹni pé ó bá irin náà dàgbà ni. (Wọn kì í sábàá fi àmì ohùn sí i, ẹjọ́ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.) Iṣẹ́ ọnà gidi ni mo pe ìyẹn.

Ní oṣù kìíní ọdún 2013, lẹ́yìn tí wọ́n kọlu ọ̀wọ́ ọkọ̀ Ẹ́míà Kánò, ìjọba ìpínlẹ̀ fòfin de achaba. Àtíìsì tó ń jẹun lára táńkì ní láti wá iṣẹ́ lára kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Ara kẹ̀kẹ́ tẹ́jú, ààyè sì pọ̀ níbẹ̀. Lẹ́tà kò tún ní ibi tí yóò ti bá irin du ọ̀nà mọ́. Kí n sọ òótọ́, ìkọ̀wé wọn ti dẹ̀.

Alùpùpù aládàáni ṣì wà, àmọ́ sítíkà àti awọ ló kù tí wọ́n ń fi bo táńkì rẹ̀. Sítíkà tí a gé fún táńkì mìíràn ni wọ́n máa ń fi tipátipá lẹ̀ mọ́ Bajaj Boxer. Bó bá dé ibi tí irin ti tẹ̀, á hunjọ. Ẹni tó ń lẹ̀ ẹ́ á mú réésà, á là á. Réésà á wọ inú ọ̀dà, ìpẹtà á sì ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ọ̀ṣọ́, níbi tí ojú kò tó. Àwọn kan tilẹ̀ ń fi iná àbẹ́là rọ sítíkà lára táńkì! Táńkì tí epo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú rẹ̀ gan-an ló léwu jù, nítorí ooru epo ló kún inú rẹ̀. Omi gbígbóná àti aṣọ tó mọ́ yóò ṣe iṣẹ́ kan náà, lẹ́yìn tí a bá ti tú táńkì kúrò.

Ti awọ ńkọ́? Rírán rẹ̀ máa ń dán mọ́rán, n kò ní fi ìyẹn du àwọn tó ń rán àga. Ṣùgbọ́n fóòmù abẹ́ rẹ̀ ń mu omi òjò àti epo tó bá dà, ó sì ń gbé e lé irin lára. Èyí tó burú jù ni pé ó lè bo ihò tíntín tó wà lára ìdérí. Bí epo ti ń lọ sísàlẹ̀, atẹ́gùn gbọ́dọ̀ gba ibẹ̀ wọlé. Bí kò bá ríbi gbà, epo kò ní sọ̀kalẹ̀ dáadáa mọ́, ẹ́ńjìnnì á wúkọ́, á kú sójú títì. Ọlọ́kadà á sanwó kábúrétọ̀ tí kò ṣe nǹkan kan.

Nínú gbogbo èyí tí mo rí lọ́dún yìí, Boxer pupa kan ló wù mí jù. Wọ́n fi òwú wá àárín táńkì rẹ̀, kí ọ̀tún àti òsì lè bára mu. Rọ́bà dúdú méjì, tí wọ́n gé láti ara tíúbù táyà, wà níbi orúnkún, ìlà funfun kan ṣoṣo sì yí ọ̀kọ̀ọ̀kan ká. Wọn kò fi nǹkan kan kan ìdérí. Wọn kò sì kọ ohunkóhun sí i.