Ìgbòkun Alábùlẹ̀ Inú Ìwé Hemingway

Ẹni tó bá ti ka The Old Man and the Sea (1952), ọ̀rọ̀ ìfaradà ló máa ń tẹnu rẹ̀ jáde. Bàbá ò juwọ́ sílẹ̀. Òótọ́ ni, àmọ́ ó ti sú mi. Ẹ jẹ́ ká wo ọkọ̀ bàbá ná.

Ọkọ̀ Santiago, apẹja ilẹ̀ Kúbà yìí, kò ní ẹ́ńjìnì. Àjẹ̀ ló ní, àti ìgbòkun tí wọ́n fi àpò fùláwà lẹ̀. Ẹja marlin tó pa gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 18, ó gùn ju ọkọ̀ fúnra rẹ̀ lọ. Kò ṣeé gbé wọlé. Ló bá so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ó ta ìgbòkun, atẹ́gùn ń gbé e lọ sílé díẹ̀díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ẹja ti wà nínú omi. Báyìí ni àwọn àkùrakùdà ṣe bá a.

Àwa tá à ń kọ kóòdù mọ̀ pé ìlà kan lè gbé gbogbo iṣẹ́ dúró. Ìlà náà wà níbẹ̀, kí bàbá tó ju ìwọ̀ sómi rárá: àwọn apẹja tó kéré sí i ní ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnì, owó ẹ̀dọ̀ àkùrakùdà ni wọ́n sì fi rà á. Ẹ tún un kà o! Ẹja tó sọ wọ́n di ọlọ́kọ̀ ẹlẹ́ńjìnì ló jẹ ẹja bàbá tán.

Hemingway sọ ọ́, ó kọjá lọ. Ìfaradà là ń yìn látìgbà náà, a ò béèrè iye tí wọ́n ń ta ẹ́ńjìnì. Bàbá pàápàá ń mu ife òróró ẹ̀dọ̀ àkùrakùdà kan lójoojúmọ́, torí ojú rẹ̀.