Ẹjọ́ Àfẹ́sọ́nà Lórí Ìtàgé Òkèèrè

Ní ọdún 1875, ilé ìṣeré Royalty ní Lọ́ńdọ̀nù ń wá eré kúkúrú kan tí wọn yóò fi ti eré olórin Offenbach, La Périchole, lẹ́yìn. Trial by Jury ni wọ́n gbé jáde ní ọjọ́ 25, oṣù Kẹta, eré olórin oníran kan tí W. S. Gilbert kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, tí Arthur Sullivan sì ṣe orin rẹ̀. Angelina ló pe Edwin lẹ́jọ́ pé ó ṣèlérí ìgbéyàwó, ó sì yẹ̀ ẹ́. Kí owó gbà-máà-bínú má baà pọ̀, Edwin bẹ̀rẹ̀ sí í ba ara rẹ̀ jẹ́: ọ̀mùtí lòun, òun á sì máa na ìyàwó. Ọ̀rọ̀ náà kò níyanjú, àfi ìgbà tí adájọ́ fúnra rẹ̀ ní òun yóò fẹ́ omidan náà.

Gilbert ti ṣe agbẹjọ́rò rí. Kóòtù Clerkenwell tó ti ṣiṣẹ́ ni wọ́n fi ṣe àwòṣe ìtàgé, aṣọ tí ará ìlú ń wọ̀ lásìkò náà sì ni àwọn òṣèré wọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni agbára eré yìí wà: bí kóòtù náà bá ṣe jọ ti òótọ́ tó, bẹ́ẹ̀ ni ìwà àwọn tó wà nínú rẹ̀ ṣe ń pani lẹ́rìn-ín tó.

Kí ọdún náà tó parí, eré ti kọjá òkun. Ẹgbẹ́ òṣèré Alice Oates ṣe é ní Philadelphia ní oṣù Kẹwàá láìgbàṣẹ. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ó ti dé New York. Ìrẹ́jẹ gbáà ni, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè mú wọn, nítorí òfin Amẹ́ríkà kò dáàbò bo òǹkọ̀wé ilẹ̀ òkèèrè títí di 1891. Nígbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà tún ṣe H.M.S. Pinafore, eré Gilbert àti Sullivan mìíràn, bẹ́ẹ̀, àwọn méjèèjì gbéra lọ sí New York fúnra wọn, wọ́n sì ṣí eré wọn tuntun, The Pirates of Penzance, níbẹ̀ lọ́jọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1879. Ní ti Trial by Jury, Ọsirélíà gbà á ní 1876, Vienna sì fi èdè Jámánì ṣe é ní 1886.

Láti 1971 ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fagi lé irú ẹjọ́ tí Angelina pè. Ọsirélíà ṣe bẹ́ẹ̀ ní 1976. Láti ìgbà náà, ẹjọ́ àtijọ́ ni òǹwòran ilẹ̀ méjèèjì ń wò, aṣọ ayé Victoria sì ni wọ́n sábà máa ń kó sí òṣèré lọ́rùn. Ìpàdánù ńlá ni. Eré tí Gilbert fi aṣọ òde òní ṣe ti di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé.

Ní Nàìjíríà, òfin tó fàyè gba irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ṣì wà láàyè. Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ̀rọ̀ lé e lórí nínú ìdájọ́ kan ní 2004. Agbẹjọ́rò wa ṣì ń dé wíìgì. Olùdarí eré ní Ìbàdàn tàbí Èkó lè wọ ànkárá fún Angelina, kí kóòtù rẹ̀ sì jọ èyí tí òǹwòran mọ̀, kó sì ṣe ohun tí Gilbert fẹ́ gan-an. Àwọn júrì méjìlá inú eré náà, ìyẹn ará ìlú tó jókòó dá ẹjọ́, ni yóò fún un níṣẹ́, nítorí adájọ́ nìkan ló ń dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ níbí. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí ẹbí ìyàwó àti ẹbí ọkọ, tí wọ́n kún kóòtù fọ́fọ́, kò fi ní gba orin àwọn júrì náà kọ?