Iná Kú, Ó Feérú Bojú: Àyẹ̀wò Ohun tí Ìmọ́lẹ̀ Àtẹ̀lé Lè Sọ àti Ohun tí Kò Lè Sọ nípa Ẹ́ńjìnnì Ìbúgbàù Ìtànṣán Gámà

Ìfáárà

Ní òru ọjọ́ 28 oṣù Kẹta ọdún 2020, ìró ńlá kan dún ní Ìlú-Àbò lẹ́bàá Àkúrẹ́, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ilé wó, ilé-ìwé kan àti ilé ìjọsìn kan bàjẹ́, kòtò ńlá sì lu sí ojú títì. Ọ̀pọ̀ ará àdúgbò tí ó ta gìrì lójú oorun, àbọ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ náà ni wọ́n bá. Ìjọba ìpínlẹ̀ sọ pé ọkọ̀ tí ó kó ohun abúgbàù ni ó bú. Onímọ̀ nípa ilẹ̀ kan láti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lọ wo ibẹ̀, ó sì sọ ní tirẹ̀ pé òkúta tí ó já láti ojú ọ̀run ni ó gbẹ́ kòtò náà. Kòtò kan náà ni, ìtumọ̀ méjì ni ó bí. Àríyànjiyàn náà gbóná nínú ìwé ìròyìn fún ìgbà díẹ̀, àwọn onímọ̀ mìíràn sì dá sí i.

Irú àríyànjiyàn báyìí kì í ṣe ti Àkúrẹ́ nìkan. Àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ti wà nínú irú rẹ̀ láti ọdún 1973, lórí ìbúgbàù tí agbára rẹ̀ tayọ gbogbo èyí tí ènìyàn mọ̀ ní ojú ọ̀run, ìyẹn ìbúgbàù ìtànṣán gámà. Iná náà a máa kú kí ojú tó tó ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta. Ohun tí ó fi sílẹ̀ ni wọ́n ń wò. Àwọn àgbà sì ti wí pé bí iná bá kú, a feérú bojú. Ìbéèrè tí iṣẹ́ yìí gbé yẹ̀ wò ni èyí: báwo ni eérú ṣe lè jẹ́rìí sí iná tó? Ìdáhùn tí ó wọ́pọ̀ nínú àwọn ìwé tí a kọ fún gbogbogbòò ni pé ìmọ́lẹ̀ tí ó tẹ̀ lé ìbúgbàù ni ó fi ẹ́ńjìnnì rẹ̀ hàn wá. Ìdáhùn yìí kò pé, ó sì lè ṣi olùkọ́ lọ́nà.

Bí wọ́n ṣe rí ojú ibi tí iná ti jó

Ní ọdún 1963, Amẹ́ríkà, Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti Sófíẹ́tì tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pé àwọn kò ní dán bọ́ǹbù átọ́míìkì wò mọ́ nínú afẹ́fẹ́, lábẹ́ omi tàbí ní ojú sánmà. Amẹ́ríkà kò fọkàn tán ẹnìkejì rẹ̀. Ó rán àwọn sátẹ́láìtì tí ó pè ní Vela lọ sókè láti máa ṣọ́ ọ. Ní ọjọ́ 2 oṣù Keje ọdún 1967, Vela rí ìtànṣán gámà tí kò jọ ti bọ́ǹbù. Ọdún 1973 ni Klebesadel, Strong àti Olson tó tẹ ìròyìn irú ìbúgbàù bẹ́ẹ̀ 16 jáde fún aráyé. (Ó yẹ kí a ṣàkíyèsí pé ìfura láàárín ọ̀tá méjì ni ó bí ìmọ̀ yìí, kì í ṣe ìwádìí àwọn onímọ̀ ìràwọ̀.)

Fún ọgbọ̀n ọdún gbáko, kò sẹ́ni tí ó lè sọ bóyá nítòsí ni àwọn ìbúgbàù náà ti ń ṣẹlẹ̀ tàbí ní òpin ayé. Ẹ̀rọ tí ń gba ìtànṣán gámà kò lè tọ́ka sí ojú kan pàtó. Ọjọ́ 28 oṣù Kejì ọdún 1997 ni ọ̀rọ̀ yí padà. Sátẹ́láìtì BeppoSAX, tí Ítálì àti Nẹ́dálándì jọ ṣe, gba ìbúgbàù kan. Láàárín wákàtí mẹ́jọ, ó yí ojú rẹ̀ tí ń wo ìtànṣán ẹ́sìréè sí ibẹ̀, ó sì bá iná kan tí ń rọlẹ̀. Ẹ́sìréè yìí ni ó dín ojú ibi tí wọn yóò wá kù. Kí ọjọ́ kan tó pé, awò ìwòràwọ̀ William Herschel ní erékùṣù La Palma ti rí ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí ní ojú kan náà. Ní oṣù Karùn-ún ọdún yẹn, awò Keck ní Hawaii tú ìmọ́lẹ̀ ìbúgbàù mìíràn palẹ̀, ó sì hàn pé ó ti tó nǹkan bí bílíọ̀nù ọdún méje tí ìmọ́lẹ̀ náà ti ń bọ̀ lọ́nà.

Àdírẹ́sì, nígbà náà, ni ẹ̀bùn àkọ́kọ́ tí ìmọ́lẹ̀ yìí fún wa. Ẹ̀bùn ńlá ni, nítorí ẹni tí ó bá mọ bí iná ti jìnnà tó ni ó lè mọ bí ó ti tóbi tó. Ṣùgbọ́n àdírẹ́sì ilé kì í ṣe orúkọ onílé.

Àléébù inú orúkọ

Orúkọ tí ó kọ́kọ́ máa ń wá sí ẹnu Yorùbá fún ìmọ́lẹ̀ yìí ni ìmọ́lẹ̀ àṣẹ́kù. Orúkọ náà dùn, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe ti ń wọlé. Àṣẹ́kù ọbẹ̀, ọbẹ̀ náà ni. Ẹni tí ó bá tọ́ ọ wò mọ ohun tí wọ́n fi sè é. Ìmọ́lẹ̀ yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe iná àkọ́kọ́ ni ó ṣẹ́ kù. Ẹ́ńjìnnì náà, tí kò ju ìwọ̀n ìlú kan lọ, tú ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀ kan jáde tí eré rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti ìmọ́lẹ̀. Ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀ náà rìn jìnnà réré kúrò nílé kí ó tó máa kọlu gáàsì tí ó wà lójú ọ̀nà. Ìkọlù yìí ni ó ń mú kí àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù máa yí bírí nínú agbára òòfà, àwọn ni wọ́n sì ń tan ìmọ́lẹ̀: ẹ́sìréè lákọ̀ọ́kọ́ àti lọ́pọ̀ yanturu, lẹ́yìn náà ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí, lẹ́yìn náà rédíò. Iná tuntun ni, ní ibi tuntun. Nítorí náà ni iṣẹ́ yìí ṣe yan ìmọ́lẹ̀ àtẹ̀lé, tí kò ṣèlérí ju ohun tí ó jẹ́ lọ.

Ẹni tí ó bá dúró lẹ́bàá ọ̀nà oko ní agbègbè Àgọ́ Aláyé, ní ìjọba ìbílẹ̀ Òdígbó, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, yóò mọ bí eruku ti ń rí lẹ́yìn ọkọ̀ agbégẹdú. Ọkọ̀ ti kọjá lọ, eruku ṣì wà nílẹ̀. Eruku náà lè sọ pé ọkọ̀ ńlá ni, pé eré ni ó ń sá, pé ilẹ̀ ibẹ̀ gbẹ. Kò lè sọ bóyá dísù ni ó ń mu tàbí bẹntiróòlù. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ìmọ́lẹ̀ àtẹ̀lé: ó ń sọ iye agbára tí ó wà nínú ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀ náà àti bí gáàsì ibẹ̀ ti nípọn tó. Nípa ohun tí ó ti ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀ náà jáde, ó dákẹ́. Kódà nígbà tí àwọn awò H.E.S.S. ní Nàmíbíà rí ìtànṣán gámà alágbára gíga láti inú ìbúgbàù ọjọ́ 20 oṣù Keje ọdún 2018, wákàtí mẹ́wàá lẹ́yìn tí ó bú, ìkọlù náà ni ẹ̀rí wọn tan ìmọ́lẹ̀ sí. Ẹ́ńjìnnì wà lẹ́yìn aṣọ síbẹ̀.

Kòtò Ìlú-Àbò náà kò kúrò nínú òfin yìí. Kòtò a máa sọ bí agbára tí ó gbẹ́ ẹ ti pọ̀ tó; òun nìkan kì í sọ ọwọ́ tí ó mú agbára náà wá.

Títẹ̀ ìlà àti àríyànjiyàn rẹ̀

Ìbúgbàù ọjọ́ 23 oṣù Kìíní ọdún 1999 kó àwọn onímọ̀ sí ìjàngbọ̀n. Bí ó bá jẹ́ pé gbogbo àyíká ni ó tan ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sí bákan náà, agbára rẹ̀ yóò ju èyí tí yóò jáde bí gbogbo ara oòrùn bá di agbára pátápátá láìku ẹyọ kan. Kò sí ẹ́ńjìnnì tí ẹnikẹ́ni mọ̀ tí ó lè ṣe é. Ìmọ́lẹ̀ àtẹ̀lé ni ó yanjú rẹ̀: lẹ́yìn bí ọjọ́ méjì, ìlà tí ń fi bí ìmọ́lẹ̀ náà ti ń rọlẹ̀ hàn ṣàdédé tẹ̀ sísàlẹ̀. Ìtumọ̀ tí wọ́n fún títẹ̀ yìí ni pé ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀ tóóró ni, pé ó ti dẹwọ́ eré, etí rẹ̀ sì ti hàn sí wa. Tí ó bá jẹ́ tóóró, agbára rẹ̀ kéré sí bí a ti rò, ọkàn sì balẹ̀.

Ìtumọ̀ náà mọ́gbọ́n wá, ṣùgbọ́n wọ́n tètè sọ ọ́ di òfin. Bí ó bá jẹ́ etí ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀ ni ó fà á, ẹ́sìréè àti ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí gbọ́dọ̀ tẹ̀ ní àkókò kan náà, nítorí ara kan náà ni wọ́n ti ń jáde. Lẹ́yìn tí Amẹ́ríkà fi sátẹ́láìtì Swift ránṣẹ́ ní ọjọ́ 20 oṣù Kọkànlá ọdún 2004, ó hàn pé nínú ọ̀pọ̀ ìbúgbàù, èkíní tẹ̀, èkejì kò tẹ̀. Ẹlẹ́rìí méjì tí a rò pé inú ilé kan ni wọ́n ti wá kò sọ ọ̀rọ̀ kan náà. Ó ṣòro láti gbà pé inú ilé kan náà ni wọ́n wà.

Ìgbà tí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀

Àìfohùnṣọ̀kan yìí gan-an ni ó ṣí ilẹ̀kùn. Swift a máa yí ojú rẹ̀ sí ìbúgbàù láàárín ìṣẹ́jú kan sí méjì, ó sì rí ohun tí BeppoSAX kò lè tètè dé bá. Ẹ́sìréè kì í kàn rọlẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó máa ń já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó máa ń dúró gbári fún wákàtí díẹ̀ bí ẹni pé ẹnìkan ń koná mọ́ ọn, kí ó tó padà máa rọlẹ̀. Nígbà mìíràn, ó máa ń bú soke lójijì. Nínú ìbúgbàù kan ní ọjọ́ 2 oṣù Karùn-ún ọdún 2005, ẹ́sìréè náà di ìlọ́po bí 500 kí ó tó padà wálẹ̀. Eruku kì í dìde báyìí fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti lọ. Ìkọlù tí ó gbòòrò tí ó sì ń dẹwọ́ kò lè gbiná kí ó sì kú ní wàràwàrà bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó kù láti rò ni pé ẹ́ńjìnnì kò tíì sùn.

Ẹ̀rí tí ó lágbára jù lójú iṣẹ́ yìí ni ti ìbúgbàù ọjọ́ 10 oṣù Kìíní ọdún 2007. Ẹ́sìréè rẹ̀ dúró gbári fún nǹkan bí wákàtí márùn-ún àbọ̀, lẹ́yìn náà ó já lulẹ̀ bí ẹni ya okùn. Ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí kò bá a já. Ó ń bá ìrọ̀lẹ̀ tirẹ̀ lọ. Níhìn-ín ni ìyàtọ̀ ẹlẹ́rìí méjèèjì ti wúlò: èyí tí ojú ń rí ń sọ ti ìkọlù lóde, ẹ́sìréè sì ń sọ ti inú ilé. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ìràwọ̀ nẹ́útrọ́ọ̀nù kan tí òòfà rẹ̀ lágbára gidigidi ni ó ń yí bírí láàárín, tí ó ń tú agbára jáde, títí ìwúwo ara rẹ̀ fi borí rẹ̀ tí ó sì wó di ihò dúdú. Ìtumọ̀ dáradára ni, ṣùgbọ́n kò yẹ kí a gbé e wọ gbogbo dídúró gbári. Àwọn kan ti fi hàn pé ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀ tí a ń wò láti ẹ̀gbẹ́ lè mú irú ìlà bẹ́ẹ̀ jáde láìsí pé ẹnìkan ń koná.

Ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí náà ní ìgbà tirẹ̀. Nínú ìbúgbàù ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 2003, bí ìmọ́lẹ̀ àtẹ̀lé ti ń rẹ̀yìn, àwọ̀ ìràwọ̀ ńlá kan tí ó bú nígbà ikú rẹ̀ yọ jáde lábẹ́ rẹ̀, iyèméjì sì tán nípa òbí àwọn ìbúgbàù tí ó pẹ́. Òfin tí wọ́n wá ń kọ́ ni ni pé èyí tí ó bá ju ìṣẹ́jú-àáyá méjì lọ, ikú ìràwọ̀ ńlá ni. Èyí tí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ìràwọ̀ nẹ́útrọ́ọ̀nù méjì ni wọ́n forí sọ ara wọn. Òfin náà rọrùn láti kọ sójú pátákó. Ìbúgbàù ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 2021 pẹ́ tó nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 50, síbẹ̀ ìmọ́lẹ̀ pupa tí ó tẹ̀ lé e ni ti ìforísọra, irú èyí tí ń rọ àwọn ohun wúwo bíi wúrà. Ti ọjọ́ 7 oṣù Kẹta ọdún 2023 tún ṣe bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ tí ó bá ṣì ń fi aago nìkan pín wọn ti ṣe àṣìṣe.

Ọmọ Nàìjíríà kan nídìí eérú àtijọ́

Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ pé ọmọ Nàìjíríà ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí. Ní ọdún 1965, Samuel Okoye, tí ó padà wá dá ẹ̀kọ́ ìràwọ̀ sílẹ̀ ní Yunifásítì Nàìjíríà ní Nsukka, àti Antony Hewish ní Cambridge, tẹ ìròyìn jáde pé nínú èérún ìràwọ̀ kan tí àwọn ará Ṣáínà rí bí ó ti bú ní ọdún 1054, ohun kékeré kan wà tí rédíò rẹ̀ lágbára ju bí ó ti yẹ lọ. Wọn kò sọ pé àwọn mọ ohun tí ó jẹ́. Wọ́n sọ pé kò bá ìyókù eérú náà mu. Ní ọdún 1968 ni ó hàn pé ìràwọ̀ nẹ́útrọ́ọ̀nù tí ń yí bírí ni, òun gan-an sì ni ẹ́ńjìnnì tí ń koná mọ́ èérún náà.

Okoye ní àǹfààní kan tí àwọn tí ń wo ìbúgbàù gámà kò ní: ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ ṣì wà láàyè, ó sì wà nítòsí. Èyí tí ó sún mọ́ irú àǹfààní bẹ́ẹ̀ jù ni ti ọjọ́ 17 oṣù Kẹjọ ọdún 2017. Ìgbì gíráfítì ni ó kọ́kọ́ kéde pé ìràwọ̀ nẹ́útrọ́ọ̀nù méjì ti forí sọ ara wọn. Ìtànṣán gámà tẹ̀ lé e lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá bíi méjì. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹ̀rí láti inú ilé wá kí eruku tó dìde. Síbẹ̀ ẹ́sìréè rẹ̀ kò yọ títí di ọjọ́ kẹsàn-án, nítorí ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀ náà kò kọjú sí wa. Ó ń gbóná sí i fún oṣù mélòó kan kí ó tó máa rọlẹ̀. Bí ohun tí ó kù lẹ́yìn ìforísọra náà bá jẹ́ ihò dúdú tàbí ìràwọ̀ nẹ́útrọ́ọ̀nù, ẹ́sìréè ni ó yẹ kí ó sọ. Ẹ̀rọ Chandra padà síbẹ̀ léraléra fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìmọ́lẹ̀ tí ó bá níbẹ̀ ń kéré sí i, àwọn onímọ̀ sì ń jiyàn lórí ìwọ̀nba tí ó kù.