Yorùbá Ronú: Ta Gan-an Ni Ọ̀dàlẹ̀?

Nínú gbogbo eré tí olóògbé Hubert Ògúndé gbé jáde nígbà ayé rẹ̀, bóyá ni ọ̀kan wà tí orúkọ rẹ̀ gbilẹ̀ lẹ́nu wa tó Yorùbá Ronú. Ọdún 1964 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é, síbẹ̀ ọmọ tí a bí ní ogójì ọdún lẹ́yìn ìgbà náà mọ orúkọ rẹ̀. Bí àwọn olóṣèlú wa bá ti dojú ìjà kọ ara wọn lórí ta ni yóò ṣe olórí, ẹ ó gbọ́ tí àgbàlagbà kan yóò mi orí pé, "Ògúndé kúkú ti sọ ọ́." Èmi náà fẹ́ràn eré yìí. Ṣùgbọ́n mo ní ẹjọ́ kan bá a rò, ẹ̀yin òǹkàwé ni kí ẹ dá a.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rán wa létí ìtàn inú rẹ̀. Ọba kan wà, Fìwàjoyè lorúkọ rẹ̀. Igbákejì rẹ̀ dìtẹ̀ mọ́ ọn, ó fi í lé ọ̀tá lọ́wọ́, wọ́n sì gbé ọba jù sẹ́wọ̀n. Igbákejì gorí ìtẹ́, ó wá di òǹrorò, títí ara ìlú fi dìde tí wọ́n pa á. Ọba tòótọ́ jáde, ó padà sáyè rẹ̀. Ta ni kò mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí? Ní ọdún 1964 tí à ń sọ yìí, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wà lẹ́wọ̀n, Olóyè Ládòkè Akíntọ́lá, tó ti jẹ́ igbákejì rẹ̀ nínú Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, ló ń ṣe olórí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ní Ìbàdàn.

Ibi tí wọ́n ti ṣe eré náà ló tún mú ọ̀rọ̀ le. Ẹgbẹ́ Ọmọ Ọlọ́fin, tí Akíntọ́lá wà lẹ́yìn rẹ̀, ló ní kí Ògúndé wá ṣeré fún wọn ní Ìbàdàn. Akíntọ́lá àti àwọn mínísítà rẹ̀ wà níbẹ̀ fúnra wọn. Eré ń lọ, ojú ń le, nígbà tó yá wọ́n fìbínú dìde, wọ́n bá tiwọn lọ. Kò pẹ́ ni ìjọba fòfin de agbo òṣèré Ògúndé, pé wọn kò gbọ́dọ̀ ṣeré mọ́ níbikíbi ní Ìwọ̀ Oòrùn. Ó tó bí ọdún méjì kí Adékúnlé Fájúyì, gómìnà ológun, tó tú ìdè náà ní 1966. Ẹ sì wo olórí kunkun: lábẹ́ ìdè yẹn ni Ògúndé tún gbé eré mìíràn jáde, ó pè é ní Òtítọ́ Korò.

Ohun tí Ògúndé mọ̀ ọ́n ṣe ni kí ó mú ọ̀rọ̀ ìlú tó ta kókó, kí ó wọ̀ ọ́ láṣọ ọba àti ìjòyè, kí ìyá alátà àti akọ̀wé ìjọba lè jọ lóye rẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni. Ibẹ̀ gan-an ni ẹjọ́ mi sì wà. Ọba la fi jẹ. Ẹni tó bá dìtẹ̀ mọ́ ọba, ọ̀dàlẹ̀ ni, kò sí àríyànjiyàn. Olórí ẹgbẹ́ òṣèlú ńkọ́? Ìpàdé ló yàn án, ìpàdé sì lè yọ ọ́. Bí a bá ti fi adé dé e lórí, ẹnikẹ́ni tó bá ní òun náà fẹ́ ipò ti di ọ̀tá nìyẹn, kó tó la ẹnu. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an. Ní ọdún 1959, Awólọ́wọ̀ fi ipò olórí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn sílẹ̀ nítorí ilé aṣòfin àpapọ̀ ní Èkó. Akíntọ́lá bọ́ sáyè rẹ̀ ní Ìbàdàn, ṣùgbọ́n Awólọ́wọ̀ ṣì ni olórí ẹgbẹ́. Àgbò méjì kì í mumi ní koto kan. Ta ló ń pàṣẹ fún ta? Ṣé kí ẹgbẹ́ bá NPC tó ń ṣèjọba àpapọ̀ ṣe pọ̀, bí Akíntọ́lá ṣe fẹ́, àbí kí wọ́n dúró ní alátakò? Ìbéèrè tó yẹ kí ènìyàn ronú sí nìwọ̀nyí. Ní ìpàdé Jọ́ọ̀sì, oṣù Kejì 1962, ọ̀rọ̀ wọ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́, Akíntọ́lá àti àwọn tirẹ̀ fi ìpàdé sílẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún, àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ ní kí ó kọ̀wé fipò sílẹ̀, ó kọ̀. Aṣòfin 66 fọwọ́ sí ìwé pé àwọn kò sí lẹ́yìn rẹ̀ mọ́. Ìwé yìí ni Gómìnà, Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí, fi yọ ọ́ ní ọjọ́ 21, tó sì fi Alhaji Dauda Adégbénró rọ́pò rẹ̀. Ní ọjọ́ 25, nígbà tí ilé aṣòfin jókòó, àga ń fò, ọ̀pá àṣẹ kán, ọlọ́pàá yin tajútajú. Ní ọjọ́ 29, ìjọba àpapọ̀ kéde pé ìlú kò fararọ, wọ́n gbé Dókítà Májẹ̀kódùnmí wá jókòó lé Ìwọ̀ Oòrùn lórí.

Akíntọ́lá gbé ọ̀rọ̀ lọ sílé ẹjọ́. Ní 1962, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ l'Ékòó ní ó jàre, pé àfi kí wọ́n dìbò ní gbangba ilé aṣòfin kí wọ́n tó lè yọ ọ́. Ní 1963, Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù ní rárá o, Adégbénró ló jàre. Ṣùgbọ́n Akíntọ́lá ti padà sórí àga láti oṣù Kìíní ọdún náà. Ilé aṣòfin tirẹ̀ yí òfin padà, wọ́n mú un bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn wá, ìdájọ́ Lọ́ńdọ̀nù bá di asán. Èyí ni mo kà sí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, ju pé ó bá ọ̀gá rẹ̀ jiyàn lọ: òfin gbè é, ó di òfin mú, òfin kò gbè é mọ́, ó tẹ̀ ẹ́.

Àwọn ẹlòmíràn tún wà tí eré náà kò tẹjú mọ́ bó ṣe yẹ. Ní oṣù Karùn-ún 1962, Adégbénró ní èrò tó pọ̀ jù nílé aṣòfin. Nígbà tí 1963 fi máa mọ́, ọ̀pọ̀ ti fò sọ́dọ̀ Akíntọ́lá. Ṣé ẹ rí àwọn wọ̀nyẹn? Wọ́n dọ̀bálẹ̀, inú wọn lóòró. Igbákejì kan ṣoṣo kò lè dàlẹ̀ ẹgbẹ́ odidi. Àwọn tó ń pe méjèèjì ní "Bàbá" ló ń bá a gbé àkàbà. Bí Ògúndé bá ti bi àwọn yẹn léèrè dáadáa, bóyá eré náà ì bá tún dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ igbákejì yìí kò tán ní 1962. Ní Ondó, Akin Ọmọ́boríowó ni igbákejì Gómìnà Adékúnlé Ajáṣin. Ní 1982 ó bá ọ̀gá rẹ̀ du tíkẹ́ẹ̀tì UPN, ó fìdí rẹmi, ó bá kọjá sí NPN. Ọdún kan náà ni ìwé tó kọ láti fi gbé ẹ̀kọ́ Awólọ́wọ̀ lárugẹ jáde! Ní 1983 wọ́n kéde rẹ̀ pé ó wọlé gómìnà, Ondó gbiná, ẹ̀mí ṣòfò, kí ilé ẹjọ́ tó dá ipò padà fún Ajáṣin. Pé ó bá ọ̀gá rẹ̀ du ipò, èmi ò rí ẹ̀bi níbẹ̀. Pé ìbò ẹgbẹ́ ṣẹ́gun rẹ̀ tí kò gbà, ibẹ̀ ni ó ti dàlẹ̀.

Ẹ tún gbọ́ ti 1999. Bọ́lá Ìgè ni igbákejì olórí Afẹ́nifẹ́re. Nígbà tí AD fẹ́ mú ẹni tí yóò du ipò ààrẹ, àwọn àgbà 23 ló jókòó ní òtẹ́ẹ̀lì D'Rovans n'Íbàdàn, wọ́n mú Olú Fáláè. Lẹ́yìn náà Ìgè lọ ṣe mínísítà nínú ìjọba Ọbásanjọ́, ẹgbẹ́ mìíràn. Àwọn kan ní òun ló dàlẹ̀. Àwọn kan ní àwọn àgbà ló dàlẹ̀ òun. Ẹ mú ìtàn Fìwàjoyè wá, ẹ fi wọn ọ̀rọ̀ yìí wò. Ta ni ọba níbẹ̀?

Àwọn tó ní Ògúndé rí ọ̀la, ẹ jẹ́ kí n bi wọ́n: nínú eré, ara ìlú pa ọ̀dàlẹ̀, ọba padà, ó tán. Ní ti ayé, sọ́jà ló pa Akíntọ́lá ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní 1966. Wọ́n tú Awólọ́wọ̀ sílẹ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, ṣùgbọ́n kò sí ilé aṣòfin tí yóò padà sí mọ́. Ilé tí àwọn méjèèjì ń jà sí ti wó.

Kí wá ló kù tí mo fi ń yin eré yìí? Ògúndé fúnra rẹ̀ ni. Ẹni tó fi ìgbàgbọ́ nínú ọ̀gá wọn ìwà, lójú rẹ̀ ọ̀dàlẹ̀ ni Ògúndé pàápàá: wọ́n pè é wá ṣàríyá, ó wá bú wọn níwájú àlejò. Mo mọ̀ dájú pé àwọn tó dìde jáde lálẹ́ ọjọ́ náà kò pè é ní olóòótọ́. Síbẹ̀ òun nìkan ni kò ṣe ojú ayé níbẹ̀. Kò dúró dìgbà tí Akíntọ́lá ṣubú kí ó tó sọ̀rọ̀. Ojú Akíntọ́lá ló ti sọ ọ́, ó sì fi oúnjẹ ẹnu rẹ̀ san owó rẹ̀. Bí àwọn igbákejì wa bá lè sọ ohun tó wà nínú wọn báyìí níwájú ìpàdé, tí àwọn ọ̀gá sì lè jókòó gbọ́ ọ tán, ìjà tí à ń jà kò ní pọ̀ tó báyìí.

Nítorí náà, bí ẹ bá tún gbọ́ tí wọ́n ń pariwo "ọ̀dàlẹ̀" nínú ẹgbẹ́ yín, ẹ má tíì wá òkò. Ẹ béèrè ná: ṣé gbangba ló ti sọ ọ́ àbí òru? Ṣé ó gba èsì ìbò? Ọ̀gá náà ńkọ́, ṣé ó jẹ́ kí wọ́n dìbò rárá?