Ojúsàájú Tí Kì Í Ta Olúwa Rẹ̀ Lólobó: Ẹ̀kọ́ Inú Ìwé Malcolm X

Ìwé ìtàn ayé Malcolm X, tí Alex Haley bá a kọ, jáde ní 1965 lẹ́yìn tí wọ́n ti pa á. Ẹni náà kì í ṣe àjèjì sí wa: ní oṣù karùn-ún 1964 ó dé Ìbàdàn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí ní Yunifásítì sì sọ ọ́ ní Ọmọ́wálé. Ìrìn-àjò rẹ̀ sí Mọ́kà ni àwọn èèyàn máa ń yìn jù nínú ìwé náà. Ní tiwa, ọ̀rọ̀ olùkọ́ rẹ̀ ni a fẹ́ kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ kà lẹ́ẹ̀mejì.

Ní ilé-ìwé kan ní Michigan, ní Amẹ́ríkà, Malcolm wà lára àwọn tó mọ̀wé jù ní kíláàsì. Ó sọ fún olùkọ́ rẹ̀, tó jẹ́ aláwọ̀ funfun, pé òun fẹ́ di lọ́yà. Olùkọ́ ní èyí kò ṣeé ṣe fún aláwọ̀ dúdú, kí ó kọ́ṣẹ́ káfíńtà. Àwọn ọmọ funfun tí kò mọ̀wé tó o, ó gbà wọ́n níyànjú. Síbẹ̀, Malcolm kọ ọ́ pé òun kò rò pé ọkùnrin náà ní ibi lọ́kàn. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà: ẹni tó rò pé òun ń ṣàánú ló dí ọmọ lọ́nà.

Ìwé náà kò fi àléébù Malcolm alára pa mọ́. Ó fi èròjà tó ń jóni lórí mú irun rẹ̀ nà bíi ti òyìnbó. Lẹ́yìn náà, ó pe gbogbo òyìnbó ní ṣàítánì, títí ó fi bá wọn jẹun nínú àwo kan náà ní Hájì.

Ohun kan ni a fi bá ìwé náà wí: ẹni tó bá sáré kà á lè rò pé Hájì kan ṣoṣo ti fọ ọkàn mọ́ pátá. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Sàhábà ni Abu Dharr nígbà tó fi ìyá ẹnì kan bú u, tí Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sì sọ fún un pé ìwà ìgbà àìmọ̀kan ṣì kù nínú rẹ̀. Láti ìgbà náà, irú aṣọ tó bá wọ̀ ló ń wọ̀ fún ẹrú rẹ̀.

Àwa olùkọ́ kéú ńkọ́? Bí wòlímọ̀ bá dé, ṣé kì í ṣe ọmọ tó pupa ni à ń fi síwájú kí fọ́tò lè dára? A ti ṣe é rí, a kò sì rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ̀yin ọmọ wa, bí wọ́n bá fi àwọ̀ yín wọ̀n yín, ẹ fi sùúrù béèrè ìdí rẹ̀, ẹ sọ fún àgbà, ẹ má ṣe gba òṣùwọ̀n náà. Bí ẹ̀yin bá ṣe é, ẹ ṣe bíi Abu Dharr. Kí Ọlọ́hun la ojú wa sí àléébù ara wa. Àmín.