Àdìrẹ àti Iṣẹ́ Olóyè Nike Davies-Okundaye

Àwọn àgbà wa ní, ilé li a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Òwe yìí li a ó fi wọn iṣẹ́ Olóyè Nike Davies-Okundaye, ìyá aláró tí òkìkí wọn ti kọjá ilẹ̀ Yorùbá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn li ó ti yìn wọ́n nítorí ẹwà aṣọ wọn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ó tọ́ sí wa ni èyí: kí li ó mú kí ọnà wọn di ìrànwọ́ fún ẹlòmíràn?

Li ọdún 1951 li a bí wọn, Ògìdì ní ilẹ̀ Ìjùmú sì li ìlú wọn. Wọ́n kéré nígbà tí ìyá wọn kú. Ìyá-ńlá wọn, tí ó mọ aṣọ híhun àti aró, li ó tọ́ wọn. Li àṣà wa, ọmọ ilé kì í san owó kí ó tó kọ́ iṣẹ́ ilé. Yóò jókòó ti àgbà, yóò máa wo ọwọ́ rẹ̀ títí ọwọ́ tirẹ̀ náà yóò fi mọ̀ ọ́n. Nígbà tí wọ́n dá ilé iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Òṣogbo li ọdún 1983, ọ̀nà kan náà ni wọ́n tọ̀: wọ́n ń kọ́ni láìgba owó. Nítorí náà kì í ṣe àwòrán nìkan ni wọ́n jogún; ọ̀nà ìkọ́ni pẹ̀lú jẹ́ ogún.

Ẹ̀rí rẹ̀ hàn li òkè òkun. Li ọdún 2000 ìjọba Ítálì pè wọ́n láti wá kọ́ àwọn ọmọbìnrin Nàìjíríà tí ó ti bọ́ sínú òwò aṣẹ́wó níbẹ̀ ní iṣẹ́ ọwọ́. Àwọn tí ayé ń fi ìbáwí lé kiri li a fi iṣẹ́ tí ó lè bọ́ wọn lé lọ́wọ́. Li ọdún 2006 ìjọba náà fi oyè dá ìyá yìí li ọlá.

Àwọn kan a máa wí pé iṣẹ́ wọn kì í ṣe àdìrẹ àtijọ́ pátápátá, nítorí wọ́n ń lo ìda gbígbóná, èyí tí àwọn ará Jáfà ní ilẹ̀ Éṣíà fi gba òkìkí. A kò lè gba àríwísí yìí. Ẹ jẹ́ kí a wo àdìrẹ ẹlẹ́kọ fún ara rẹ̀. Láfún li a fi ń ṣe ẹ̀kọ tí a ń fi ìyẹ́ adìẹ kọ sí aṣọ kí a tó rẹ ẹ́ sínú aró èlú. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà sì li ẹ̀gẹ́ tí a fi ń ṣe láfún ti wá. Aṣọ funfun tí àwọn ìyá wa ń kọ ọ́ sí, láti Manchester li ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń wá. Nínú aṣọ Ìbàdàndùn, òpó gbọ̀ngàn Mápó, tí a ṣí li ọdún 1929, wà níbẹ̀. Aṣọ mìíràn sì ya ọba àti ayaba Gẹ̀ẹ́sì fún àjọ̀dún 1935. Ohun tí ojú wọn rí li àwọn aláró àtijọ́ ń kọ. Ẹni tí ó bá ń kọ ohun ìgbà tirẹ̀ kò fi ọ̀nà wọn sílẹ̀.

Síbẹ̀ ohun kan kù. Àwọn ilé-iṣẹ́ òkèèrè ń fi ẹ̀rọ tẹ àwòrán àdìrẹ sí aṣọ olówó pọ́ọ́kú, ọjà sì ń bọ́ lọ́wọ́ aláró. Ìyìn wa kò lè dá a dúró. Nínú ìyìn náà pẹ̀lú àbùkù kan wà: orúkọ ẹnìkan ṣoṣo ni a ń gbé ga, a kì í sì í béèrè orúkọ obìnrin tí ó di ìyẹ́ adìẹ mú. A fẹ́ kí aṣọ kọ̀ọ̀kan máa jáde pẹ̀lú orúkọ àwòrán rẹ̀ àti ti ẹni tí ó kọ ọ́, nítorí èyí li ẹ̀rọ kò lè tẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ bi àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ yín bí wọ́n bá lè dárúkọ àwòrán àdìrẹ mẹ́ta. Bí wọn kò bá lè ṣe é, ẹ wá aláró kan tí ó kù ní ìlú yín, kí ẹ mú wọn lọ jókòó tì í.